Ẹ Fún Wa Ní Sípánà Ná, Kẹ́ Ẹ Tó Ní Ká Sọ̀rọ̀

Gbogbo wa la ti jókòó sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ti to àga síta, omi inú ọ̀rá wà nílẹ̀, àwọn obìnrin ń sunkún nínú yàrá, àwọn ọkùnrin wà níta, wọ́n tẹjú mọ́ fóònù wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló kú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹbí. Ohun kan náà ni gbogbo èèyàn á máa wí: "Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lánàá yìí la ṣì jọ rẹ́rìn-ín." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan á ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì: "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ̀rọ̀ síta." A ó tẹ ọkàn pupa sí i, a ó sì bá tiwa lọ. Bó bá di ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá, tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọkùnrin Lágbàáyé, gbólóhùn yẹn náà la ó tún rí.

A fẹ́ sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ìmọ̀ràn yẹn ò tó. Ká ní sísọ fún ọkùnrin pé kó sọ̀rọ̀ lè mú un sọ̀rọ̀ ni, à bá ti gbọ́ ohùn gbogbo wọn tipẹ́. Àtikékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé akọ igi kì í soje. Nígbà tá a ṣubú, wọ́n ní ká dìde, ọkùnrin ni wá. Nígbà tá a sin òbí wa, wọ́n ní ká nu ojú, ta ló máa wá rẹ ìyá lẹ́kún? Ẹ̀kọ́ ogún ọdún nìyẹn. Ẹ wá fẹ́ fi gbólóhùn kan lórí fóònù tú u ká?

Ohun tí àwa ń wí rèé. Ẹ kọ́kọ́ fún ọkùnrin ní nǹkan tó máa fi ọwọ́ ṣe. Ẹ fún un ní ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n á jọ máa ṣe é. Kí nǹkan náà jẹ́ ohun àtijọ́ tó ti bàjẹ́, tí wọ́n fẹ́ sọ di ọ̀tun. Kó má sì jẹ́ fún títà. Ọ̀rọ̀ á bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé. A mọ̀ pé ó jọ àwàdà létí yín. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa ná.

Àwa márùn-ún ni, Ìbàdàn la sì ń gbé. Bàbá ọ̀kan nínú wa fi Volkswagen àtijọ́ kan sílẹ̀ sẹ́yìn ilé nígbà tó kú, irú èyí tí àwọn òbí wa ń pè ní Ìjàpá. Láti ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó, ti ń to irú ọkọ̀ yìí pọ̀ fún ọjà ilẹ̀ wa. Olùkọ́ gùn ún, nọ́ọ̀sì gùn ún, akọ̀wé ìjọba gùn ún. Ó ti di ohun ìtàn báyìí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kẹ́yìn lágbàáyé, ní ìlú Puebla ní Mexico, ti dáwọ́ dúró ní oṣù keje ọdún 2003, lẹ́yìn tí iye tí wọ́n ti ṣe kárí ayé ti ju 21,000,000 lọ.

Tiwa yìí ti wà lórí búlọ́ọ̀kù fún ọdún mọ́kànlá. Adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá máa ń gbé, ibẹ̀ gan-an sì ni ìpẹtà ti jẹ irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ débi pé ẹ lè rí koríko láti ibi tí èrò ń jókòó sí. Ẹbí ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọ̀rẹ́ wa kọ̀. Ọkọ̀ yẹn ni bàbá rẹ̀ fi ń gbé e lọ sílé ìwé. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìlera ọpọlọ nínú wa. Ká ní wọ́n pè wá sí ìpàdé lórí ìlera ọpọlọ ni, ẹ ò bá má rí ẹnì kan nínú wa níbẹ̀.

Sátidé ni, aago mẹ́jọ àárọ̀. Bàbá mẹkáníìkì kan wà ládùúgbò tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, irú ọkọ̀ yìí ló sì fi kọ́ṣẹ́. A lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, mi ò ní bá yín ṣe é o. Màá gbé àga síbí, màá máa bú yín." Ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.

Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ju kabúrétọ̀ lọ. A lọ sí Gate lọ wá ẹ̀yà ara ọkọ̀, wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí la fẹ́ fi Ìjàpá ṣe láyé tá a wà yìí. A tú éńjìnnì rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà, kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, nọ́ọ̀tì ńlá mẹ́rin péré ló sì so ó mọ́ gíá. Ẹ̀yin náà á ní, mẹ́rin péré? Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ dá a tú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú jáàkì, ẹnì kan á máa mì í, ẹnì kan á máa wò ó kó má baà já lu ẹni ìsàlẹ̀.

Nígbà tó yá, ó kan bíréèkì. Bí atẹ́gùn bá wọ inú páìpù bíréèkì, ẹ gbọ́dọ̀ fà á jáde, èèyàn méjì ló sì ń ṣe é. Ẹnì kan á jókòó sínú ọkọ̀, á fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì. Ẹnì kejì á sùn sílẹ̀ nídìí táyà, á mú sípánà kékeré kan àti ike tí wọ́n bu omi bíréèkì díẹ̀ sí. Ẹni òkè á tẹ̀ ẹ́, á ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́." Ẹni ìsàlẹ̀ á tú u díẹ̀, omi àti atẹ́gùn á jáde, á dí i padà, á ní, "Gbé e." Ibi táyà tó jìnnà jù lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó ṣe é títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi pé. Ẹ ò rí ojú ara yín. Ohùn nìkan ni. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Gbé e. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Gbé e.

Àárín iṣẹ́ yìí ni ẹni tó wà nílẹ̀ ti dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni òkè ní, "Ṣé kí n gbé e?" Kò dáhùn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tó oṣù mẹ́ta tí mi ò tíì sùn dáadáa. Nígbà míì, ó máa ń ṣe mí bíi kí n má jí mọ́."

Ẹni òkè ò bọ́ sílẹ̀. Kò fà á jáde láti dì mọ́ ọn. Ó ní, "Mo gbọ́ ẹ. Ẹsẹ̀ mi ṣì wà lórí ẹ̀. Máa sọ ọ́."

Ó sì sọ ọ́. Iṣẹ́ tó bọ́, gbèsè orí fóònù, àwọn tó ń yá ni lówó tí wọ́n ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n pé olè ni. Ìyàwó rẹ̀ ti bi í, ó ní kò sí nǹkan kan. Pásítọ̀ rẹ̀ ti bi í, ó ní Ọlọ́run ń bẹ. Àwa náà ti bi í, "Àlàyé, ṣé kò sí o?" Ó ní kò sí. Abẹ́ Ìjàpá ló ti wá sọ ọ́. A ò fi í sílẹ̀ lóun nìkan láti ìgbà náà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, méjì nínú wa bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ń gba ìtọ́jú. Òun náà wà lára àwa tí a jọ ń kọ èyí.

Ẹ bi wá pé, kí ló dé tó jẹ́ abẹ́ ọkọ̀?

Èdè wa ti dá yín lóhùn kó tó kàn wá. Nínú èdè Yorùbá, ojú ni ìtìjú ń gbé. A kì í sọ pé ọkàn ń tì mí, ojú ló ń tì wá. Nígbà tẹ́ ẹ bá mú ọkùnrin kan jókòó, tẹ́ ẹ kọjú sí i, tẹ́ ẹ ní "ó yá, sọ ohun tó ń dùn ẹ́," ibi tí ìtìjú ń gbé gan-an lẹ ń wò yẹn. Ṣùgbọ́n tí ojú ẹ̀yin méjèèjì bá wà lára nọ́ọ̀tì kan náà, ìtìjú ò rí ibi dì mú. Ìkejì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ò wúwo níbi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Nínú yàrá, tí ọkùnrin bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo èèyàn á máa wò ó. Nídìí iṣẹ́, ẹ lè dákẹ́ fún wákàtí kan, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ọ̀rọ̀ á ráyè pọ́n nínú. Ìkẹta, tí ẹnì kan kò bá wá, iṣẹ́ dúró. Ọkùnrin tó ti dá ara rẹ̀ lójú pé kò sẹ́ni tó nílò òun, fóònù rẹ̀ máa dún ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá: "Ibo lo wà? Ọwọ́ ẹ ni sípánà nọ́ńbà mẹ́tàlá wà o!" Ìbéèrè nípa sípánà lásán ni létí ẹni tó ń gbọ́. Àmọ́ wọ́n ti wá a.

Ẹ má sọ pé àṣà òyìnbó la gbé dé. Àwọn baba ńlá wa ò ní ìpàdé "ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ń ṣe wá," ṣùgbọ́n wọ́n ní àáró, wọ́n sì ní ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, àwọn ọkùnrin kan á kó ara wọn jọ lọ sóko lágbájá lónìí, oko tàmẹ̀dò lọ́tunla, títí á fi kárí. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá á bẹ èèyàn, á sì pèsè oúnjẹ. Ẹ̀yìn ẹni lẹ máa rí lẹ́nu ebè, ẹ kì í rí ojú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ tí kò dúró, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Àgbẹ̀dẹ náà ńkọ́? Ìdílé kan ló ni iná, ṣùgbọ́n gbogbo ọkùnrin àdúgbò ló ní ibi ìjókòó níbẹ̀.

Kí ló wá kù fún wa? Ilé tẹ́tẹ́, níbi tí ogún ọkùnrin ti ń jókòó ti ara wọn, tí oníkálukú ń wo tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ilé ọtí, níbi tí orin ti ń pariwo ju ohùn èèyàn lọ. Gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù, níbi tá a ti lè sunkún fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú London tá ò lè sunkún fún ara wa. Iṣẹ́ ti wọ inú fóònù. Àwọn ọ̀rẹ́ ti jápa. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa tá a jọ jáde ilé ìwé, àwa mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, mẹ́sàn-án ti wà ní òkè òkun, wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án. Tẹ́ ẹ bá rò pé àwọn tó lọ ń sọ̀rọ̀ síta ju àwa tó kù lọ, ẹ pè wọ́n.

Àwọn kan tiẹ̀ ti ṣe ohun tí à ń wí yìí, wọn ò sì kábàámọ̀. Ní Ọsirélíà, láàárín ọdún 1990 sí 2000, wọ́n rí i pé ọkùnrin tó bá fẹ̀yìn tì máa ń dá wà, ó sì máa ń ṣàìsàn láìsọ. Wọ́n ò kọ́kọ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé fún wọn. Wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ní 1998, ìlú kékeré Tongala ní ìpínlẹ̀ Victoria ṣí èyí tí wọ́n pè ní Men's Shed, níbi tí ọkùnrin á ti máa fá pákó, tí wọ́n á máa tún kẹ̀kẹ́ àti àga tó ti bàjẹ́ ṣe, tí tíì á sì máa hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lónìí, irú rẹ̀ ti ju 1,000 lọ ní Ọsirélíà nìkan. Ó ti dé Ireland, ó ti dé Britain, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tó so wọ́n pọ̀ sílẹ̀ ní 2013.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tá a ó fi lọ jìnnà? Abẹ́òkúta súnmọ́ wa. Ní 1954, dókítà ọpọlọ kan tó jẹ́ ọmọ ìlú náà, Adéoyè Lambo, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro tí gbogbo ayé wá kọ́. Dípò kó ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ògiri, ó ṣètò pé kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí wọn kan wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú dókítà, kí wọ́n sì máa bá ará abúlé ṣiṣẹ́. Lambo mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn nílò oògùn, ó sì nílò ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti wúlò láàárín èèyàn. Ọkùnrin yìí ló di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ohun tiwa ni. Àwa la gbàgbé ẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun àtijọ́? Kí ló dé tí kò lè jẹ́ bọ́ọ̀lù gbígbá? Bọ́ọ̀lù dára, ẹ máa gbá a. Àmọ́ bọ́ọ̀lù ní ẹni tó máa pàdánù, ayé tí à ń gbé sì ti fún ọkùnrin ní ìpàdánù tó pọ̀ tó. Níbi ohun àtijọ́, àṣìṣe ò gbówó lórí. Ètò tí púlọ́ọ̀gì Ìjàpá fi ń tanná ni 1-4-3-2. Ẹ̀ẹ̀mẹta la fi wáyà wọn síbi tí kò yẹ. Ọkọ̀ ò bú wa, kò lé wa níṣẹ́, kò sì gbé fọ́tò wa káàkiri. (Bàbá bú wa, ìyẹn yàtọ̀.) A tú u, a tún un tò. Ó pẹ́ tí àwọn kan nínú wa ti ṣe àṣìṣe kan níbì kan tí wọ́n sì ráyè tún un ṣe.

Ohun àtijọ́ tún ní ẹni tó ti lò ó rí. Nínú àpò ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn, a bá ìwé kékeré kan tí ọ̀rinrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Ọwọ́ bàbá ọ̀rẹ́ wa ló wà níbẹ̀. Orúkọ èèyàn ló kọ, ó sì kọ iye owó sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Gbèsè ni. Ó ti fi bíírò fa ìlà sórí àwọn tó ti san. Ó ku mẹ́ta tí kò fa ìlà sí. Ọdún tó wà lórí ìwé náà ni ọdún tí ọ̀rẹ́ wa wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Bàbá tí kò gbé ohùn sókè rí, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé pé owó ò sí, tó ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Sunday. Ọ̀rẹ́ wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ìwé náà mú. Ó ní, "Àṣé ẹ̀rù ń ba bàbá mi náà." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹnì kan bu omi wá fún un. Lọ́jọ́ yẹn, oníkálukú wa ló sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tó ti lọ. A ti ń bá ara wa ṣọ̀rẹ́ bọ̀ láti bí ọdún méjìlá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká dáhùn àwọn tó ń takò wá, torí wọ́n pọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Ẹ máa tà á lẹ́yìn náà, àbí? Èló lẹ máa jẹ níbẹ̀?" Ìbéèrè yìí ni gbogbo èèyàn ń bi wá, òun gan-an sì ni àìsàn tí à ń sọ. Owó ni wọ́n fi ń wọn ọkùnrin láti òwúrọ̀ di alẹ́. Tí a bá sọ ohun kan ṣoṣo tí a ń ṣe fún ara wa di ọjà, a ti gbé òṣùwọ̀n yẹn dé ibi tá a sá sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi owó lé e, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí, ẹnì kan á jẹ̀bi pé òun ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ẹnì kan á sì tún fẹnu mọ́ ẹnu. Tiwa kò wà fún títà. Ẹ yé bi wá.

Ẹnì kejì ní, "Nígbà tí sapa ń jà, ẹ ń tún páńtí ṣe." Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni oníkálukú wa ń dá lóṣù. Tí kò bá ní, kò dá, á fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi ń pẹ́, pípẹ́ rẹ̀ sì wù wá. Ẹni tí ọkọ̀ ò bá wà lágbára rẹ̀ lè mú rédíò ìyá àgbà, maṣíìnì ìránṣọ, kẹ̀kẹ́, fáànù tó ti dákẹ́, àga tí apá rẹ̀ ti kán. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó gba ju ọjọ́ kan lọ, kó sì gba ju ọwọ́ méjì lọ.

Ẹnì kẹta ní, "Ẹ gbàdúrà, ẹ̀mí ló ń ṣe wọ́n." A ń gbàdúrà. Bàbá mẹkáníìkì wa kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ láìkọ́kọ́ gbàdúrà. Àmọ́ tó bá ti ṣe àmín tán, ó máa ń na ọwọ́, ó máa ń ní, "Sípánà dà?"

Ẹnì kẹrin, àwọn arábìnrin wa, bi wá pé, "Ṣé ẹ̀yin ọkùnrin nìkan ló ń jìyà ni?" Rárá o. Ọ̀pọ̀ ìyà obìnrin ló tiẹ̀ ti ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa wá. Ohun tí ọkùnrin ò lè sọ lẹ́nu, ó máa ń fi ìbínú sọ ọ́ nílé. Ẹni tí kò sì bínú, orí ìyàwó nìkan ló ń da gbogbo ẹrù rẹ̀ lé, bíi pé òun ò ní tirẹ̀. Tí ọkùnrin bá ní etí mẹ́rin mìíràn lọ́jọ́ Sátidé, ilé á tù lára. A ò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni: àbúrò ọ̀rẹ́ wa obìnrin ló rí wáyà tó já tí àwa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá.

Ẹnì karùn-ún, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù, ní, "Ṣé ẹ̀ ń sọ pé ká fi mẹkáníìkì rọ́pò dókítà?" A ò sọ bẹ́ẹ̀, a ò sì ní sọ ọ́ láéláé. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á pé àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn lágbàáyé ju 700,000 lọ lọ́dọọdún, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àìsàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó bá ti dé ibi kan, dókítà ló ń wo àìsàn. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ò fẹ́ wà láàyè mọ́, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ bá a wá dókítà kíákíá. Aro wà ní Abẹ́òkúta, Yábà wà ní Èkó, ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn. Sípánà kì í woni sàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó jẹ́ ká tètè gbọ́ ẹni tó yẹ ká gbé lọ.

Ìjọba náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Òfin ìwà ọ̀daràn tí òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa kọ ọ́ sí abala 327 pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló tọ́ sí i. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ti rì tán, wọ́n fà á jáde, wọ́n wá dè é lókùn. Èkó ti tún tirẹ̀ ṣe ní 2011, wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ààrẹ buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ fún gbogbo Nàìjíríà. Ó dára. Àmọ́ òfin ò tíì dé ẹnu àwọn tó ń sọ fún aláìsàn pé "ìwọ náà ṣe bí ọkùnrin."

Èyí ló mú wa dé orí òwe kan tá a fẹ́ kí ẹ bá wa jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó pa á, ọ̀rọ̀ ọlá àti ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé iṣẹ́ ayánilówó ń fi fọ́tò rẹ̀ kiri, tó bá rántí òwe yẹn ní aago méjì òru, kí lẹ rò pé ó máa gbọ́ níbẹ̀? Kò sí ẹ̀sín tó tó ikú. Ẹ̀sín a máa tán. A ti rí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín lọ́dún tó kọjá tí ó ń bá wa fọ kabúrétọ̀ lónìí. Òwe mìíràn wà tó yẹ ká fi rọ́pò rẹ̀ lẹ́nu wa: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ní ti akọ igi tí kì í soje, ẹ bi àgbẹ̀. Igi tí àdá bà tí kò soje, ó ti kú lórí ìdúró ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ mú nǹkan kan tó ti bàjẹ́ tó ní ìtàn nínú ilé yín. Ẹ pe ẹni mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ti dákẹ́ jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹ má sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ká yín lára, ẹ ní ẹ nílò ẹni tó máa bá yín dì í mú. Ẹ wá àgbà kan tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ dá ọjọ́ kan, kí ọjọ́ náà má yẹ̀. Ẹni tí kò bá wá, ẹ pè é lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Kẹ́nikẹ́ni má wàásù. Ohun tí wọ́n bá sọ nídìí iṣẹ́, ìdí iṣẹ́ ni kó wà, àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Ìjàpá wa ò tíì dé òpópónà. Ó ti dún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó dún fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, gbogbo adìẹ sá, Bàbá dìde lórí àga, ó tún jókòó, ó ní a ò tíì mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló kú. A ò tíì mọ ohun tó pa á. A ó wò ó ní Sátidé, aago mẹ́jọ, àwa márààrún.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ máa pè?